Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì

Ìsúndúnrìn
Ajé, 23 oṣù Karùn-ún, 1988

Lẹ́tà náà dé lónìí. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Òkè, kò pè mí sí ọ́fíìsì. Ó rìn wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi fúnra rẹ̀, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, nítorí ọkùnrin náà kì í dìde lórí àga rẹ̀ àfi bí ilé bá ń jó. Ó ní, "Tíṣà Sàká, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú." Mo kà á tán, mo sì bínú. Olùkọ́ tí ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Tuù rẹ̀ kò bá pé, kó lọ parí rẹ̀ nínú ìdánwò ọdún yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má padà wá ní oṣù Kẹsàn-án.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ṣẹ́kù fún mi. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti dá mi padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé yìí, àwọn tí mo kọ́ ní a-b-d ti di bàbá ọlọ́mọ. Ìdánwò di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje.

Kì í ṣe ti iṣẹ́ nìkan. Àdéhùn èmi àti Bàrákátù ni pé ọjọ́ tí ìwé mi bá pé, tí owó oṣù mi gòkè, ọjọ́ náà ni yóò palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ ní Àbíjàn, tí òun àti Mùínàt ọmọ wa yóò padà wálé. Ọdún mẹ́rin rèé tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé níbẹ̀. Bí mo bá tún kùnà, èmi ni yóò kù kí n lọ bá a, kí n máa ru bẹ́ẹ̀lì aṣọ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nítorí náà ni mo ṣe ra ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ yìí. Ilé oníyàrá mẹ́ta, èmi nìkan ni mo ń gbé inú rẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè ro ẹjọ́ fún.

Jímọ̀, 27 oṣù Karùn-ún

Mo kírun Jímọ̀ ní Èjìgbò, mo sì yà lọ sọ́dọ̀ Damaris, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé gíga kan níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Òkè ló júwe rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní àga àti omi tútù, lẹ́yìn náà ló mú bírò pupa, ó sì dá batani sí àròkọ mi lára.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra wọ̀nyí ló ń pa yín."

Mo ní, "Àwọn wo?"

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbí pé lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán níbi ìgbéyàwó, wọ́n fún yín ní aṣálẹ̀, ẹ sì jẹ ẹ́."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo irùngbọ̀n mi, ó gbé e mì. Desert ni mo kọ, dessert ni wọ́n ń béèrè. Ó fún mi ní ogójì irú wọn láti lọ kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹfà

Kásẹ́ẹ̀tì Bàrákátù dé! Mùtàlíbù, ẹni tó ń wa mọ́tò Èjìgbò sí Àbíjàn, ló fi rán èrò ọjà kan sí mi. Bàrákátù kò mọ ìwé kà, kò sì fẹ́ kí ará ibòmíràn máa ka ọ̀rọ̀ tọkọtaya fún òun, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì la máa ń sọ̀rọ̀ sí. Ọ̀kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ojú kìíní tirẹ̀, ojú kejì tèmi.

Mo gbé rédíò sí orí tábìlì, mo tilẹ̀kùn. Mùínàt ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Papa, ça va?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti ń sọ Faransé bí ọmọ wọn. Bàrákátù ní òjò ò jẹ́ kí ọjà tà, ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ní ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń yọ òun lẹ́nu. Ibẹ̀ ni bátìrì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohùn ìyàwó mi lọ sílẹ̀, ó ń fà, ó nípọn bí ohùn ọkùnrin. Ó ní, "Bàbá Mùínàt, ọ̀rọ̀ kan tún wà..." rédíò sì kú fin-in.

Mo mọ ohun tó kù. Kí n kí ìyá òun, kí n kí ará ilé, kí n má gbàgbé oògùn ibà. Bó ti máa ń parí rẹ̀ nìyẹn láti ọdún mẹ́rin.

Àìkú, 5 oṣù Kẹfà

Quiet, ìdákẹ́jẹ́. Quite, pátápátá. Lose, kí nǹkan sọnù mọ́ni lọ́wọ́. Loose, ohun tó tú, tí kò le. Dairy, ti wàrà. Diary, irú èyí tí mò ń kọ yìí. Ìbejì ni gbogbo wọn, ìyá wọn nìkan ló dá wọn mọ̀, ìyá wọn ò sì sí ní Ìsúndúnrìn.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé ń jò sí yàrá Mùínàt. Mo gbé abọ́ sí i, mo mu gàrí, mo sùn.

Jímọ̀, 10 oṣù Kẹfà

Damaris bi mí léèrè ogún ọ̀rọ̀, mo gba mẹ́sàn-án. Mo ní bóyá orí mi ti gbó jù.

Ó ní, "Orí yín ò gbó. Inú ìwé ni ẹ ti ń há a. Ẹ ní rédíò onígbohùn, àbí ẹ ò ní? Ẹ fi ohùn ara yín kà á sí i, kí ẹ máa gbọ́ ọ. Kí ẹ fi gbólóhùn tiyín gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀, kó jẹ́ òótọ́ nípa ara yín. Ohun tó bá kan èèyàn ni kì í gbàgbé."

Mo ní, "Tíṣà, bí òótọ́ ara mi bá ti tán ńkọ́, ogójì pọ̀ o."

Ó ní, "Ẹ wá parọ́ díẹ̀ nígbà náà."

Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kẹfà

Mo ra bátìrì mẹ́rin l'Éjìgbò. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun ti di ohun tí àwọn ọlọ́jà ń kó sínú gíláàsì bí wúrà. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń pè é, mo dá a padà sí ibi tó wà. Mo ní kí ni mo ń wá lọ sí Sókótó, ojú kejì tèmi ṣáà wà nílé. N ó fi kọ́ ọ̀rọ̀ ná, bí Mùtàlíbù bá ti fẹ́ lọ, n ó sọ ìdáhùn Bàrákátù lé e lórí.

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Fún quiet, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ilé mi dákẹ́ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ. Fún quite, mo ní èmi nìkan ni pátápátá. Fún lose, mo ní n kò fẹ́ kí ìyàwó mi sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Fún loose, òótọ́ ti fẹ́ tán, mo ní okùn ewúrẹ́ wa ti tú. Fún dessert, mo ní ọmọbìnrin mi fẹ́ràn ohun dídùn lẹ́yìn oúnjẹ, n kò sì mọ ohun tó ń jẹ báyìí. Mo kà wọ́n tán bẹ́ẹ̀, mo tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ojú náà fi kún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko.

Ó yà mí lẹ́nu bó ti rọrùn tó. Ohun tí mi ò lè la ẹnu sọ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn.

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹfà

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gba mẹ́rìnlá nínú ogún.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kẹfà

Àgbàdo ti gbó. Àwọn òbí ọmọ kó o wá sí ilé ìwé, mo sun mẹ́ta, mo jẹ méjì, mo wo ẹ̀kẹta. Nígbà kan rí Bàrákátù ló máa ń já tèmi gbà.

Mo tan rédíò ní ìrọ̀lẹ́ bí mo ti ń ṣe. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa ilé tó dákẹ́. Mo gbọ́ ọ, àánú rẹ̀ ṣe mí, lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi ni. Ìdánìkanwà ń pa mí. Mo kọ ọ́ síbí ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà ní n kò sọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹfà

Mùtàlíbù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi lónìí. Ọjọ́ Ajé ló pè, òwúrọ̀ yìí ni mo gbọ́ fèrè mọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn oníṣòwò ń yára nítorí Iléyá.

Mo ní, "Ṣe sùúrù fún mi ní wákàtí kan."

Ó ní, "Tíṣà, ìṣẹ́jú márùn-ún. Èrò méjìdínlógún ló jókòó sínú oòrùn yẹn."

Mo wọlé, mo yí ojú kejì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ lé e: àlàáfíà ni, ìyá rẹ ń kí ọ, mò ń mú ìwé mi le, kí Mùínàt ó máa gbọ́ràn, ó dàbọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Fèrè tún dún. Gẹ̀ẹ́sì tó kù, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ló kan ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sáré gbé e fún un.

Ajé, 4 oṣù Keje

Mo gba mẹ́rìndínlógójì nínú ogójì. Damaris pàtẹ́wọ́ fún mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, inú mi sì dùn bí tiwọn.

Jímọ̀, 8 oṣù Keje

Mo bá Mùtàlíbù ní gáréèjì Èjìgbò lẹ́yìn ìrun. Ó ti dé láti àná, ó ń fi omi fọ ẹsẹ̀ mọ́tò.

Ó ní, "Tíṣà, mo jíṣẹ́ yín. Ìyá Mùínàt gba kásẹ́ẹ̀tì, ó dì í mú báyìí, ó ní ṣé ẹ ti dá òun lóhùn."

Mo ní, "Ìdáhùn kí ni?"

"Ti ọ̀rọ̀ tó sọ sí ojú kejì."

Mo ní, "Ojú kejì kẹ̀? Tèmi ni ojú kejì."

Ó nà tán, ó wò mí. Ó ní, "Ó ní ojú kìíní kò gba ọ̀rọ̀ òun lọ́tẹ̀ yìí, òun yí i padà. Ó ní òun sọ fún yín ní ìparí ojú kìíní pé kí ẹ yí i. Tíṣà, ṣé kò sí?"

Mo ní kò sí. N kò mọ bí mo ṣe dé ilé.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù Keje

"Bàbá Mùínàt, ọ̀rọ̀ kan tún wà." Bátìrì mẹ́rin. Mo ra bátìrì, mo fi sí rédíò, n kò sì ní sùúrù ìṣẹ́jú kan láti fi gbọ́ ojú kìíní tán. Ọlọ́gbọ́n ni mí, mo ti mọ ohun tó kù! Mo mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì pa ohùn ìyàwó mi rẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́ fífọ́ ní í fọ́. Wọn ò sọ ti ẹni tó jókòó lé e lórí.

Àìsàn ni? Àbí ọmọ ni? Ìwé wà níwájú mi, n kò rí i kà.

Àìkú, 10 oṣù Keje

Mo lọ ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun, n kò bi wọ́n ní iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó tì í láti ìyálẹ̀ta dé ìrun Àsárì. Ohun tí mo sọ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́rin: mo pa ọ̀rọ̀ rẹ rẹ́ kí n tó gbọ́ ọ, èmi ni mo ṣàṣìṣe, jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún un. Ẹnu mi wúwo.

Ìṣẹ́gun ni Mùtàlíbù ń lọ. Ó búra pé ọwọ́ ara òun ni òun yóò fi gbé e fún un.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Keje

Ìdánwò. Gbọ̀ngàn kún, ọ̀pọ̀ wa ló ti ní ewú lórí. Ẹni tó jókòó níwájú mi fi ìwé gbígbà wọlé fẹ́ ara rẹ̀ títí ó fi ya.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, mẹ́wàá, kí a fi èyí tó yẹ sí àlàfo. N kò ronú rárá. Bí mo bá ti rí ọ̀kan, gbólóhùn tèmi á dìde: ilé tó dákẹ́, ọmọ tó fẹ́ràn ohun dídùn, ìyàwó tí n kò fẹ́ kó sọnù. Mo kọ wọ́n bí ẹni ń kọ orúkọ ẹbí rẹ̀. Damaris ní ohun tó bá kan èèyàn ni kì í gbàgbé, ó jàre. Mo jáde, n kò dúró bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí mo mú.

Jímọ̀, 22 oṣù Keje

Mọ́tò Iléyá dé láti Àbíjàn, mẹ́ta tẹ̀ léra. Gbogbo gáréèjì Èjìgbò kún fún ẹni tó ń dì mọ́ ẹni. Mo wọ aṣọ tí mo fẹ́ fi ṣe ọdún, n kò sọ ìdí rẹ̀ fún ara mi. Mo ń wo ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò títí ó fi ku ẹrù.

Mùtàlíbù bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìdúró." Ó fi kásẹ́ẹ̀tì méjì lé mi lọ́wọ́, tèmi ti ìjelòó àti òmíràn tuntun tó ṣì ń dán. Ó ní, "Ó ní kí n kí yín, kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin o."

Àbámẹ́ta, 23 oṣù Keje

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. N ó kọ ọ́ bó ti sọ ọ́ nítorí n kò fọkàn tán ara mi mọ́ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Mùínàt, ẹ kú ilé. Ohun tí mo sọ sí ojú kejì nìyí. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Mo ní n kò retí ìwé ẹ̀rí kankan mọ́, bó pé bí kò pé, mo fẹ́ wálé. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí n fọwọ́ sí ọdún méjì mìíràn kí oṣù Kẹfà tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n jáde. Mo ní bí ẹ bá lè ní kí n máa bọ̀, n ó bá mọ́tò Iléyá wá. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó mọ̀ pé ẹ ò tíì fẹ́.

"Ni kásẹ́ẹ̀tì yín dé. Àlàáfíà ni, kí Mùínàt máa gbọ́ràn, ó dàbọ̀. Mo pa á níbẹ̀. Mo ní ó ti tán. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ fọwọ́ sí ìwé.

"Ọjọ́ kẹta ni Mùínàt tan án, ó fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Ẹ dágbére tán, kò pa á, ló bá di Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ni Bàbá Mùínàt ń kà yìí, ṣé èpè ni? Mo pe obìnrin ará Gánà tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó jókòó, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹ ní ilé yín dákẹ́. Ó ní ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ìyàwó yín sọnù mọ́ yín lọ́wọ́. Ó ní okùn ewúrẹ́ yín tú. Mo ní ewúrẹ́ wo? A ò ní ewúrẹ́ rí. A rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó rí i pé ẹkún ló kù lójú mi, ó dìde, ó fi mí sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́rin, Bàbá Mùínàt. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rí. N kò ní pa kásẹ́ẹ̀tì yẹn rẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, tuntun ni mo rà fún èyí. Mo ti fọwọ́ sí ìwé, ó ti bọ́. Ọdún méjì náà yóò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀. Ní Yorùbá."

Àìkú, 24 oṣù Keje

Iléyá. Wọ́n bu ẹran fún mi láti ilé mẹ́rin. Ó pọ̀ ju èèyàn kan lọ.

Ajé, 10 oṣù Kẹwàá

Ọ̀gbẹ́ni Òkè ti fi mí sílẹ̀ nínú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ó ní títí èsì yóò fi dé. Lónìí ó tún dìde lórí àga rẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Tíṣà Sàká, ẹ kú oríire."

Mo yege. Ìwé mi pé. Àwọn ọmọ pariwo, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Owó oṣù yóò gòkè, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, ẹni tí mo bá dá àdéhùn sì wà ní Adjamé títí di ọdún 1990. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tún lọ jókòó sí yàrá Mùínàt, mo sunkún díẹ̀, mo fọ ojú.

Ọ̀la ni Mùtàlíbù ń lọ, láti Iléyá ni mo sì ti jẹ Bàrákátù ní gbèsè ìdáhùn. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun, síbẹ̀ mo kọ́kọ́ gbọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì dé òpin, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́, mo jẹ́wọ́ fún un pé irọ́ ni. Lẹ́yìn náà mo sọ bí òrùlé ti ń jò, bí àgbàdo kẹta ti tutù lórí àwo, bí mo ti wọ aṣọ ọdún lọ sí gáréèjì, bí mo ti ń wo ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo ní Bàrákà, máa bọ̀, ọjọ́ tí o bá tilẹ̀ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, máa bọ̀.

Ojú kìíní kún. Mo yí i sí ojú kejì.